Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ Má Gbé Apá Náà Bí Ẹyin

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n gé ọyàn òsì mi nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n sì kó àwọn kókó inú abíyá mi kúrò. Wọ́n ti yọ rọ́bà tó ń fa omi. Ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kí n fi apá òsì ṣe ohunkóhun, wọ́n ní ojú iṣẹ́ abẹ á ya. Ní báyìí, ọwọ́ mi kò dé orí mọ́ láti di irun. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ redioterapí, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìtànṣán ṣe. Kí ni kí n ṣe?* (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìfẹ́ ni ìyá ọkọ yín fi ń ṣe é, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn ló ń pa apá yín lára. Èjìká tí a kò gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, awọ àti iṣan tó yí i ká á súnkì, á sì gan. Ojú iṣẹ́ abẹ tó ti jiná kì í ya torí pé a gbé apá díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí rọ́bà ṣì wà nínú ara ni kì í dáa kí èèyàn gbé apá kọjá èjìká, torí omi lè máa sun sí abẹ́ awọ kó sì gbára jọ síbẹ̀. Ẹ ti kọjá ibẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí ẹ fi í falẹ̀. Lórí ẹ̀rọ redioterapí, ẹ ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ó na apá òsì sókè lẹ́bàá orí, ẹ ó sì wà bẹ́ẹ̀ láì mira, lójoojúmọ́ iṣẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Apá tí kò bá lè dé ibẹ̀ lè dá ìtọ́jú dúró. Torí náà, ẹ fi ojú iṣẹ́ abẹ han dókítà tàbí onífisiọ́ yín (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn) lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ to ìrọ̀rí méjì sábẹ́ apá òsì kí ọwọ́ lè ga ju àyà lọ. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ là á, ní ìgbà 15 sí 25. Lẹ́yìn náà ẹ ká ìgbọ̀nwọ́, ẹ nà án. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ní ọkàn tó ń tì í kiri ara, àmọ́ omi ara tó ń gba abíyá kọjá kò ní irú rẹ̀. Iṣan tó ń fún pọ̀ tó sì ń dẹ̀ ló ń tì í padà sí àyà. Bí apá bá dúró, omi náà á dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá igi mọ́ọ̀pù. Ẹ ṣì fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú lórí ikùn, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Kí apá ọ̀tún máa ran tòsì lọ́wọ́ láti gbé igi náà gba òkè orí lọ, títí tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ń fà. Ẹ ka ení dé àrùn-ún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà márùn-ún sí méje ti tó lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó bá yá, ẹ dìde dúró, ẹ kọjú sí ògiri, kí ìka yín máa gun ún lọ sókè bí aláǹtakùn, ní ìgbà 10. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹ bá dé. Ẹni tó bá rí i pé àmì òní fi ìka méjì ga ju tàná lọ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ ju bí a ṣe lè fi ẹnu sọ ọ́ lọ. Kó máa fà ni a fẹ́, kì í ṣe kó máa gún yín bí ọ̀bẹ. Ó máa ń rọrùn lẹ́yìn ìwẹ̀, tàbí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oògùn ìrora tí dókítà kọ. Bí redioterapí bá sì parí, ẹ má jáwọ́, torí ìtànṣán lè mú ẹran ara gan ní ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ẹ lè rí ohun kan bí okùn tín-ín-rín lábẹ́ awọ, láti abíyá lọ sí ìgbọ̀nwọ́. Kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti padà. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, nína díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tú u.

Ẹrù ńkọ́? Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má fi apá yẹn gbé ju kẹ́tùlù omi kan lọ. Píọ̀ wọ́tà 50cl kan tó nǹkan bí ìdajì kílò, ẹ lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Odindi àpò tí ogún wà nínú rẹ̀ jẹ́ kílò 10. Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ fi ọmọ odó náà sílẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbà pé títí ayé ni. Ní 2009, ìwádìí kan láti Pennsylvania ní Amẹ́ríkà jáde lórí àwọn obìnrin tí apá wọn ti ń wú lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọyàn. Àwọn tó ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fúyẹ́, tí ẹnìkan sì ń tọ́ wọn sọ́nà, apá wọn kò wú ju ti àwọn tí kò gbé nǹkan lọ, agbára wọn sì pọ̀ sí i.

Apá wíwú gan-an ni ẹ ó máa ṣọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi tẹpù aránṣọ wọn ọrùn ọwọ́, ibi tó fi 10cm wà nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, àti ibi tó fi 10cm wà lókè rẹ̀, lápá méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òsì bá fi 2cm ju ọ̀tún lọ níbi kan, tàbí tí òrùka àti apá bùbá bá ń fún yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kó tó le. A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí apá náà, ẹ má sì fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ojú gbẹ́rẹ́ jẹ́ ọ̀nà tí kòkòrò àrùn ń gbà wọlé sí apá tí kò ní kókó tó ń gbèjà rẹ̀ mọ́, ooru sì ń fa omi púpọ̀ sí i wá síbẹ̀. Bí ẹ bá ń dín àkàrà tàbí tí ẹ ń fọ nǹkan, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí apá bá ṣàdédé pupa, tó gbóná, tí ibà sì dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ rí dókítà.

*Mo ń gba kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tó ro oko tán. Ọmọ mi ní kí n máa rìn, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sùn kí n sì máa mu àgbo. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?* (Bàbá kan, Ìbàdàn)

Ẹ gbọ́ ti ọmọ yín, sà, àmọ́ ẹ fi ìwọ̀n sí i. Àárẹ̀ kẹ́mò kì í lọ pẹ̀lú oorun bí àárẹ̀ oko. Bí èèyàn bá ń fi gbogbo ọjọ́ dùbúlẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ á máa joro, ọkàn náà á máa di ọ̀lẹ, tó fi jẹ́ pé ìrìn dé balùwẹ̀ á wá di iṣẹ́ ńlá.

Ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún yí ilé ká ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ìṣẹ́jú méjì méjì kún un títí ẹ ó fi dé 30, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ìwọ̀n rẹ̀ bójú mu bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ń rìn, àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin. Ní ọjọ́ méjì mìíràn, ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri, ẹ ká apá sí àyà, ẹ dìde, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ní ìgbà 8 sí 12, ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí oxaliplatin bá wà nínú oògùn yín, òtútù á máa gún ìka àti ọ̀nà ọ̀fun yín bí abẹ́rẹ́. Ẹ má mu omi yìnyín, ẹ má sì rìn nínú ọyẹ́ òwúrọ̀ láì bo ẹnu àti ọwọ́. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti kú tipiri, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́, torí èèyàn lè tẹ ìṣó láì mọ̀.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí a kì í ṣe ìdárayá rárá: bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe yín, bí ẹran ìdí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí àyà ń dùn yín. Bí tamómítà bá fi hàn pé ara yín gbóná tó 38, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó ṣe òru. Kẹ́mò ti dín àwọn jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ kù, ibà tí a sì ń fi ojú yẹpẹrẹ wò lè pa èèyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ti àgbo, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń palẹ̀ kẹ́mò mọ́ nínú ara, ẹrù tó wà lọ́rùn wọn ti tó. Bí ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́.

A fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ èyí náà. Ní 2025, àbájáde ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 889, tí púpọ̀ wọn wà ní Kánádà àti Ọsirélíà, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí wọ́n sì ti gba kẹ́mò tán. Apá kan ní ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà nínú ìdárayá fún ọdún mẹ́ta. Ìwé ìlera nìkan ni apá kejì gbà. Nígbà tó fi di ọdún kẹjọ, nǹkan bí 90 ló ṣì wà láàyè nínú 100 àwọn tó ṣe ìdárayá, àti nǹkan bí 83 nínú 100 àwọn yòókù.

*Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 10. Wọ́n ní kí n mú un wá gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ojú ilé ọmọ. Àwọn ará àdúgbò ní kò ní jẹ́ kó bímọ.* (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

Ẹ mú un lọ. Kì í dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Kòkòrò HPV, tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ yìí, ni abẹ́rẹ́ náà ń dènà. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 láti oṣù kẹwàá 2023, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. Ó ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí ọmọ bá gbà á kó tó mọ ọkùnrin, ìdí nìyẹn tí a fi ń tètè fún wọn. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti lé ní 30, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ojú ilé ọmọ. Àwọn nọ́ọ̀sì lè fi ọtí kíkan pa ibẹ̀ kí wọ́n sì rí àyípadà lójú ẹsẹ̀.

*Wọ́n yọ pírósítéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) bàbá mi, ẹni ọdún 67, nítorí jẹjẹrẹ. Wọ́n ti yọ rọ́bà ìtọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá wúkọ́, ìtọ̀ ń jò. Ojú ń tì wọ́n, wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.* (Òǹkàwé kan, Adó-Èkìtì)

Ẹ sọ fún bàbá pé ó wọ́pọ̀, ó sì ní ìtọ́jú. Kí wọ́n fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ àti ìsó dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n ka dé márùn-ún, kí wọ́n dẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì ka dé márùn-ún mìíràn. Ìgbà 10, ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n máa ń fún ikùn àti ìdí pọ̀, tí wọ́n á sì sé èémí; bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iṣan tí a fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má máa fi ìtọ̀ gidi dánra wò nílé ìyàgbẹ́, torí ó lè jẹ́ kí ìtọ̀ máa ṣẹ́ kù nínú àpò ìtọ̀. Bó bá ti mọ́ wọn lára, kí wọ́n fún un pọ̀ kí wọ́n tó wúkọ́ tàbí kí wọ́n tó dìde lórí àga. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Títí dìgbà náà, kí wọ́n lo páàdì àgbàlagbà lábẹ́ ṣòkòtò, kí wọ́n máa mu omi wọn bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú yìí.