Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún páwà stíárìn náà ṣe kí ọkọ̀ tó kúrò ní Amẹ́ríkà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, arábìnrin wa. Ẹ ní ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín kọ lẹ́tà sí yín pé páwà stíárìn rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí stíárìn rọrùn láti yí, lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, pé ẹ̀yà tuntun tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ṣì máa wà á, tàbí kí ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní Ìbàdàn kí mẹkáníìkì ibẹ̀ tún un ṣe. Ohun tí ojú mi rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí níhìn-ín ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, kò kéré, nítorí náà mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ náà kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí kí wọ́n tó tún un ṣe.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ọ́ìlì àti pọ́ọ̀ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń ran ọwọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Bí ọ́ìlì náà bá ń jò, a ó rí i nílẹ̀, stíárìn á sì ti máa ké kí ó tó le, nítorí náà kì í sábà bá ènìyàn lójijì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, mọ́tò kékeré kan tó ń lo iná bátìrì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ kan ń wọn agbára tí ọwọ́ wa fi ń yí stíárìn, ó sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ bí mọ́tò náà yóò ṣe ràn wá lọ́wọ́ tó. Bí ìwọ̀n yẹn bá dàrú, tàbí tí wáyà kan kò bá kanra dáadáa mọ́, kọ̀ǹpútà lè pa ìrànlọ́wọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Irin tó so stíárìn mọ́ táyà ṣì wà níbẹ̀, ọkọ̀ ṣì ṣeé darí, ṣùgbọ́n apá awakọ̀ nìkan ni yóò máa fi yí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, stíárìn kì í fi bẹ́ẹ̀ le; ibi tí a bá ti rọra ń yí kọ́nà, tí a ń wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, tàbí tí a ń yà sí òsì ní oríta ló ti ń le koko. Oríta ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Mo ti yí stíárìn dé ìdajì nígbà tí agogo kan dún, iná ìkìlọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, stíárìn sì le mọ́ mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ wá pàdé mi. Gbogbo agbára èjìká mi ni mo fi fà á kí n tó bọ́ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni ìyàwó mi ń ṣe, èjìká rẹ̀ sì ti ń dùn ún tipẹ́. Bó bá jẹ́ òun ló wà nídìí stíárìn lọ́jọ́ náà, mi ò rò pé ì bá lè yí i.

Èyí tó wá burú jù ni pé nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì, tí mo sì tún un tàn, ohun gbogbo padà sípò. Nígbà tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ta á fún mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn kò rí àléébù kankan. Bẹ́ẹ̀ ni a ń bá a yí títí di ìgbà tí mo ní kí ìyàwó mi fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, kí iná ìkìlọ̀ náà hàn kedere. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i dájú pé wọ́n kọ ẹ̀sùn mi sínú ìwé iṣẹ́ wọn, bí wọn ò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe níkẹyìn, owó náà sì ká mi lára. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wá jẹ́wọ́, tí wọ́n pe irú ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe, rìsíìtì tí mo tọ́jú ló jẹ́ kí wọ́n dá owó mi padà, nítorí òfin ní kí wọ́n ní ètò fún ẹni tó ti sanwó irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá ti ná kọ́bọ̀ kan lórí stíárìn yẹn, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀ jáde lónìí.

Mẹkáníìkì tó gbọ́n pọ̀ ní Ìbàdàn, mi ò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Àmọ́ orísun àléébù yìí kì í ṣe ọ̀kan náà nínú gbogbo ọkọ̀. Ní 2014, General Motors pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.3 padà ní Amẹ́ríkà, Chevrolet Cobalt, Malibu, Pontiac G6 àti Saturn Ion wà lára wọn, nítorí pé ìrànlọ́wọ́ mọ́tò náà lè ṣàdédé lọ. Ní 2018, Tesla pe ọkọ̀ Model S bíi 123,000 padà nítorí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù lè jẹ àwọn bóòtù tó di mọ́tò stíárìn mú. Ní 2015, Ford pe ọkọ̀ tó lé ní 420,000 padà, Explorer ọdún 2011 sí 2013 sì wà nínú wọn. Ní ti Ford yìí, ohun tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń pinnu bóyá wọn yóò pààrọ̀ ẹ̀yà stíárìn tàbí wọn yóò kàn tún ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Ta ni yóò fún àbúrò yín ní ètò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yẹn? Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ra ráàkì tokunbo, ìyẹn ẹ̀yà stíárìn tó ń yí táyà, fún un, tí àléébù kan náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá tà á síhìn-ín, òfin yóò dá ọkọ̀ náà dúró. Ní 2004, Raechel àti Jacqueline Houck, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kú ní California nínú PT Cruiser tí wọ́n yá. Wọ́n ti pe ọkọ̀ náà padà nítorí páìpù páwà stíárìn tó lè jò kí ó sì gbiná, ṣùgbọ́n àwọn tó fi yá wọn kò tíì tún un ṣe. Ìyá wọn ló lépa ọ̀rọ̀ náà títí òfin fi jáde ní 2015 pé ilé iṣẹ́ tó ní ju ọkọ̀ 35 lọ kò gbọdọ̀ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yáni. Òfin ìjọba àpapọ̀ yìí kò kan àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí wọn kò tún ṣe lè dé Lágọ́ọ̀sì láìsí ẹni tó mọ̀. Ó ń dùn mí gan-an nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe yín, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà tàbí ẹlòmíràn, bí ọkọ̀ náà kò bá tíì ju ọdún 15 lọ láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti rà á títí di ìgbà tí ìkìlọ̀ jáde. Ẹ pe ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ de ẹ̀yà tuntun, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè yá yín ní ọkọ̀ mìíràn. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá béèrè. Bí ó bá ti yọ yín lẹ́nu rí, ẹ kọ ọ́ sí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀.

Ẹ dín wíwà rẹ̀ kù. Bí stíárìn bá le mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú gírígírí, ẹ rọra dín eré kù, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ láti kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ mìíràn, kí ẹ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn, nítorí pé bíréèkì náà yóò le. Bó bá sì padà sípò lẹ́yìn tí ẹ tún un tàn, ìyẹn kọ́ ni àtúnṣe. Ilé ni kí ẹ gbé e lọ, tàbí kí ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe tán, ẹ gba ìwé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, sí ìkànnì NHTSA kan náà. Àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe nìkan ló máa ń hàn níbẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ stíárìn ti kúrò. Bí ó bá ti kúrò, ẹ fi ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ náà sínú ọkọ̀ fún àbúrò yín, kí ẹ sì wá pe àwọn tó ń kó ọkọ̀ lọ sílé.