Ṣé ìwà eku inú yàrá ìwádìí máa ń yàtọ̀ bí kẹ́míkà bá gba inú oúnjẹ wọ ara rẹ̀ tàbí bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń yàtọ̀, kódà bó jẹ́ kẹ́míkà kan náà. Èyí tí eku bá jẹ máa ń gba ìfun àti ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ sì lè ti ba apá kan rẹ̀ jẹ́ kó tó dé ọpọlọ. Èyí tí wọ́n gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ rárá kó tó dé ọpọlọ.

Àmọ́ ọpọlọ ní odi tirẹ̀. Dopamine, ìyẹn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn, kì í lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n L-DOPA, tí ara máa ń sọ di dopamine, ń wọ ibẹ̀. Lọ́dún 1957, Arvid Carlsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fún àwọn eku àti ehoro ní reserpine, oògùn tó ń mú kí dopamine tán nínú ọpọlọ, làwọn ẹranko náà bá dákẹ́ síbì kan, wọn ò lè rìn. Carlsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún wọn ní L-DOPA, àwọn ẹranko náà sì tún dìde. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000.

Ìwọ̀n kẹ́míkà náà ń kó ipa tirẹ̀: káfíìnì (kẹ́míkà inú kọfí) díẹ̀ máa ń mú kí eku sáré káàkiri, èyí tó pọ̀ jù sì ń dín ìrìn rẹ̀ kù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù ni pé dídì tí wọ́n di eku mú, kí wọ́n tó gún un, ti tó láti kó jìnnìjìnnì bá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún àwọn eku mìíràn ní omi iyọ̀ lásán, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Ti oúnjẹ náà ní wàhálà tirẹ̀: bí kẹ́míkà bá korò, eku á jẹun díẹ̀, ebi lásán sì lè yí ìwà rẹ̀ padà. Ẹ rí i pé ẹ wọn oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lójoojúmọ́.