Silikónì kọ́ ni ẹ máa fi dí ojú pákó kọ́kípíìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní gọ́ọ̀mù dúdú tó wà láàárín pákó tíìkì inú kọ́kípíìtì, ibi tí ẹ ń jókòó sí wa ọkọ̀ ojú omi yín, ti ń ṣí kúrò lára igi, pé bí òjò bá ti rọ̀, omi á máa kán sórí bátìrì nísàlẹ̀. Ẹ tún ní ẹnìkan nínú ọjà sọ pé kí ẹ ra silikónì tí wọ́n fi ń dí etí ọpọ́n ìwẹ̀, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni mo gbà ní ọdún 2014, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi jìyà rẹ̀.

Ọkọ̀ fáíbà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 27 ni tèmi. Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló tà á fún mi. Ìkòyí la máa ń so ó mọ́, a sì máa ń wà á lọ sí Tarkwa Bay àti Badagry. Bíi tiyín náà ló rí: wọ́n to pákó tíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ sí ilẹ̀ kọ́kípíìtì àti sórí ìjókòó, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù dúdú dí àárín wọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í là, mo gé èyí tó ti kú kúrò, mo fún silikónì síbẹ̀. Ó dán, ó rẹwà lójú. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi ń bó bí awọ ejò. Mo lè fi ìka méjì fa gígùn apá kan yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe bó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé silikónì kì í lọ tán. Ọ̀rá rẹ̀ ti wọ inú iṣan igi lọ. Mo fi acetone, omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná, nù ún, kò lọ. Mo fi sáńdípépà họ ọ́, ńṣe ni mo ń fi tàn án káàkiri. Ohunkóhun tí mo bá tún fi síbẹ̀ kò lẹ̀, àtọ̀dà àti gọ́ọ̀mù. Ní ìgbẹ̀yìn, kápẹ́ńtà ní láti fi ẹ̀rọ gbẹ́ gbogbo ojú àlàfo náà láti mìlímítà 4 sí 6 kí igi tuntun tó lè yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tíìkì tí a kò lè dá padà la fi ṣòfò bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi silikónì sí tiyín rí, ibẹ̀ ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: bó bá jẹ́ èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tó tutù ni wọ́n lò, tàbí tí omi bá ń yí kúrò lórí igi tó wà létí rẹ̀ bíi pé wọ́n fi òróró pa á, òun náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sáré lọ sí òdìkejì. Mo ní bí èyí kò bá lẹ̀, màá ra èyí tó lẹ̀ jù. Mo ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní polyurethane, èyí tó jẹ́ alágbára, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́ òkè rẹ̀ títí ayé. Ó lẹ̀ lóòótọ́. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó méjèèjì, ó sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àlàfo náà pẹ̀lú. Ní oṣù kejìlá ọyẹ́ dé, pákó gbẹ, ó súnkì, gọ́ọ̀mù náà kò sì rí ààyè nà. Ó ya láàárín gbùngbùn bíi pé wọ́n fi abẹ là á.

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa nìyí, torí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi nígbà náà. Ẹ mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á: ó ń nà fàlàlà. Ẹ wá lẹ ikùn rọ́bà kan náà mọ́ tábìlì látòkè délẹ̀, kí ẹ tún fà á: á já. Bí gọ́ọ̀mù inú àlàfo ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló yẹ kó dì mú. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń tẹ́ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ àlàfo kí a tó fún un, téèpù tí gọ́ọ̀mù kò lè lẹ̀ mọ́. Bí téèpù yẹn kò bá sí níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tó wọ́n jù láyé máa ya. Èmi gbà pé ohun tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ nìyí, tí wọ́n á sì máa di ẹ̀bi ru túùbù.

Polyurethane yẹn tún kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rò pé òun ń ṣe ìmọ́tótó, ó fi sípírítì nu apá kan nínú ojú pákó kó tó fún gọ́ọ̀mù sí i lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, apá yẹn ṣì ń lẹ̀ mọ́ bàtà bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ọtí inú sípírítì kì í jẹ́ kí polyurethane dì. Acetone ni kí ẹ fi nu igi, kí ẹ sì jẹ́ kó fẹ́ lọ tán kí ẹ tó fún ohunkóhun sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó níbi tí èéfín pẹtiróòlù wà.

Ó yá, èwo ni kí ẹ wá rà? Ẹ wo ohun tó ń dà sílẹ̀ nínú kọ́kípíìtì yín. Ẹ sọ pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ ń lò, pé inú kọ́kípíìtì náà ni ẹ ti ń rọ epo látinú kẹ́ẹ̀gì. Polysulfide, irú gọ́ọ̀mù mìíràn, ni mo máa gbà yín níyànjú. Kò lágbára tó polyurethane, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó ń nà, pẹtiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè jẹ ẹ́, òróró inú tíìkì kò sì ń bá a jà bí ẹ bá ti kun práímà tirẹ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kó lẹ̀, sí igi lákọ̀ọ́kọ́. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà nínú túùbù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un dì, ó sì ń pẹ́: ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì jẹ́ ohun méjì tí ẹ máa pò pọ̀. Èyí máa ń dì láti inú dé òde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí àpòpọ̀ yìí ni mo lò sí ilẹ̀ kọ́kípíìtì mi ní ọdún 2017. Pẹtiróòlù ti dà sí i láìmọye ìgbà, kò tíì wú, kò tíì rọ̀. Ohun tó le nínú rẹ̀ ni pé ooru Èkó ń mú kó tètè dì lọ́wọ́ ẹni, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó.

Ìkìlọ̀ kan lórí polysulfide: ó ń jẹ ọ̀pọ̀ plastic. Ẹ má jẹ́ kó kan fèrèsé tó mọ́ gaara tí wọ́n fi acrylic tàbí polycarbonate ṣe, tàbí ìdérí ihò tí wọ́n fi ABS ṣe. Wọ́n máa sán.

Bí kò bá sí pé pẹtiróòlù ń dà níbẹ̀, polyurethane tí wọ́n dìídì ṣe fún ojú pákó òkè ọkọ̀ dára. Irú rẹ̀ ni Sikaflex 290 DC. Kì í ṣe irú alágbára tí mo kọ́kọ́ rà yẹn o. Èyí rọ̀ jù ú lọ, wọ́n sì ṣe é kí oòrùn má tètè sán an. Ẹ ra dúdú. Àwọ̀ dúdú yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, òun ló ń gba oòrùn fún un. Polyurethane funfun máa ń pọ́n nínú oòrùn. Ní ti orí ìjókòó tí epo kì í dé, MS polymer, irú gọ́ọ̀mù kẹta, ni mo lò ní 2019. Oòrùn kò tètè mú un, kì í rùn, ó rọrùn láti fún, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ ka ara túùbù bóyá tiyín ń fẹ́ práímà lórí tíìkì tàbí kò fẹ́.

Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àwọn ọjà yìí kì í pẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò kọjá ọdún kan. Ẹ̀yin náà mọ bí inú kọ̀ǹtéénà ṣe ń gbóná. Mo ti ra túùbù mẹ́fà rí tí mẹ́ta nínú wọn ti le bí òkúta.

Iye tí ẹ máa rà rọrùn láti mọ̀. Àlàfo tó fẹ̀ ní mìlímítà 6, tó jìn ní mìlímítà 6, máa gba mìlílítà 36 ní mítà kan. Túùbù mìlílítà 300 máa dé mítà 8. Ẹ kà á sí 7, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò. Tèmi jẹ́ bíi mítà 40 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbẹ́ nǹkan kan, ẹ wọn bí pákó yín ṣe nípọn tó. Tíìkì àtijọ́ tí wọ́n ti ń fi sáńdípépà họ láti ọdún gbọọrọ lè má ju mìlímítà 7 tàbí 8 lọ mọ́. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ kọjá, fáíbà ìsàlẹ̀ ni ẹ máa kàn. Bí igi balsa, igi kan tó fúyẹ́ gan-an, bá sì wà nínú fáíbà yẹn, omi máa wọ ibẹ̀, á sì jẹrà. Wàhálà yẹn ju ti gọ́ọ̀mù lọ fíìfíì.

Oṣù kìíní àti oṣù kejì ni kí ẹ fi iṣẹ́ náà sí, nígbà tí igi bá ti gbẹ dáadáa. Ẹ ta tapólì sórí kọ́kípíìtì láti àárọ̀. Ẹ má fún gọ́ọ̀mù láàárọ̀ tí oòrùn ń gòkè bọ̀: bí igi bá ń gbóná sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa wú jáde, á sì ti ihò kéékèèké sínú gọ́ọ̀mù yín. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí igi ti ń tutù. Ẹ fi másíkìn téèpù bo orí pákó, ẹ ti ẹnu túùbù kan ìsàlẹ̀, kí ẹ máa fún un bọ̀ sókè kó kún kọjá etí díẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ṣí téèpù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ẹ má fi sáńdípépà kàn án títí tó fi máa dì tán. Ìwàǹwára níbẹ̀ máa fa etí rẹ̀ ya.

Fún ìdí ìkọ́ irin, ìdí òpó àti àwọn nǹkan tí wọ́n fi síkúrù dè mọ́ fáíbà, butyl tẹ́ẹ́rẹ́, téèpù rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ máa lè tú u lọ́jọ́ mìíràn láìfọ́ nǹkan kan. Mo ń sọ èyí torí pé ó ṣeé ṣe kí omi tó ń kán sórí bátìrì yín má wá látojú pákó rárá. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí gbogbo ìsàlẹ̀ kọ́kípíìtì, kí ẹnìkan máa da omi díẹ̀díẹ̀ láti òkè, apá kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ibi tó kọ́kọ́ tutù. Ọ̀nà yìí ni mo fi rí i pé ìdáméjì omi tèmi ń gba ìdí òpó ìjókòó wọlé.

Bí ẹ bá sì parí rẹ̀, omi òkun àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ẹ fi kànìnkànìn rírọ̀ fọ̀ ọ́ ní ìdábùú pákó, ẹ má tẹ̀ lé iṣan igi. Ásíìdì tí wọ́n ń tà pé ó ń sọ tíìkì di tuntun máa ń jẹ gọ́ọ̀mù, ó sì ń jẹ igi náà pẹ̀lú.

Ẹ bá mi wọn bí pákó yín ṣe nípọn tó, kí ẹ sì wò ó bóyá síkúrù ni wọ́n fi dè é tàbí wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ síkúrù, ẹ sọ fún mi bóyá ìdí igi róbótó tí wọ́n fi bò wọ́n ti ń ṣí, torí ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó ra túùbù kankan.