Kí rewáyà tó pa iná airbag yẹn, ka èyí ná

Àbúrò, mo ka gbogbo ẹjọ́ ẹ tán. O ní o ra kúpẹ́ ilẹ̀kùn méjì, tòkunbọ̀, ó dé Iléṣà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó l'Ékòó ti kó amp (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn rédíò le) àti woofer sí i, iná airbag (àpò tó ń fẹ́ sókè láti dáàbò bò ẹ́ tí mọ́tò bá kọ lu nǹkan) tàn kò kú mọ́, bátìrì ń dákú tí o bá gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tó bá di ọ̀sán gangan ó lè máa yí ṣáá kó má sitáàtì, rewáyà ní kí o mú ₦5,000 wá kóun fi pa iná yẹn, ẹnìkan tún wá sọ fún ẹ pé mọ́tò náà ní recall. Jọ̀ọ́, má tíì fún rewáyà ní kọ́bọ̀. Ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe mọ́tò tèmi, torí ká sọ tòótọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà mi, ọwọ́ èmi tí mò ń kó nǹkan sí i lára ló ti wá. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, Lágéré ni mẹkáníìkì mi. Nígbà tí mo ra kúpẹ́ yẹn ara mi ò balẹ̀, mo ní kí wọ́n ti amp sábẹ́ síìtì, mo yọ rim 16 mo fi 18 sí i, mo tún ní kí wọ́n gé spring kó lè wálẹ̀ dáadáa. (Ọ̀rọ̀ rim yẹn ò gùn: kí n tó dé Òṣú, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, mo kó sí kòtò kan tí omi òjò ti bò lójú, táyà tó tín-ín-rín bẹ́, rim ká. Mo ti dá 16 mi padà.)

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n kó amp sí i ni iná airbag tàn. Rewáyà kan dé, ó ní kékeré ni, ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò tó ìdajì wákàtí, iná kú. Inú mi dùn débi pé mo fún un lówó omi lórí owó iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan mo dúró gba epo ní Mayfair, bọ̀bọ́ kan tóun náà ń wa kúpẹ́ wá kí mi, ó gbórí wọ ojú fèrèsé bí mo ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná airbag yín dà?" Mo ní ó ti kú tipẹ́. Ó ní, "Mi ò ní ṣé ó kú, mo ní ó dà?"

Ohun tó ń bi mi rè é, fetí sí i dáadáa torí òun gan-an lo máa fi yẹ mọ́tò tìẹ wò. Tí o bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, tí o ò tíì sitáàtì, gbogbo iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù máa tàn. Iná airbag máa tàn pẹ̀lú wọn, lọ́pọ̀ mọ́tò ó máa tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà, á wá dá kú fúnra ẹ̀, yálà o sitáàtì àbí o ò sitáàtì. Kọ̀ǹpútà airbag ló ń yẹ ara ẹ̀ wò yẹn. Tèmi, ìgbà tí iná ọ́ìlì bá kú lòun náà ń kú, gẹ́lẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá gbà, bí o bá fi sí ON fún ìṣẹ́jú kan á wà níbẹ̀ á máa wò ẹ́. A tú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn ní Lágéré lọ́jọ́ kejì. Wáyà pupa kan, kò nípọn ju okùn fìtílà lọ, ó jáde láti ìdí gílóòbù iná ọ́ìlì, ó gba ẹ̀yìn lọ sí ìdí gílóòbù airbag, wọ́n fi téèpù dúdú wé e mọ́ra bí ẹni di oògùn. Ẹni náà ò tún nǹkan kan ṣe, ó kan gbé iná ọ́ìlì yá airbag kó lè máa tàn máa kú lójú mi. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń gbé ìyá ọmọ mi àtọmọ kiri nínú mọ́tò tó jẹ́ pé tí a bá kọ lu nǹkan, airbag lè má tú rárá. Inú ṣì ń bí mi tí n bá rántí owó omi yẹn.

Wàyí o, kí ló fà á tí iná yẹn fi tàn látìbẹ̀rẹ̀? Bátìrì ló jẹ́ kí n mọ̀. Bó ṣe ń ṣe ẹ́ yẹn náà ló ń ṣe mí, kí n gbé e sílẹ̀ lálẹ́ Sátidé, àárọ̀ ọjọ́ Ajé á ní kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Mo pààrọ̀ bátìrì, ibi kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, gbogbo ara mọ́tò tutù nini, mo kiwọ́ bọ abẹ́ síìtì kí n fi mú bàtà ọmọ mi tó bọ́ síbẹ̀, ọwọ́ mi kan amp, ó ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Mọ́tò tẹ́nikẹ́ni ò sitáàtì láti àná! Ẹni tó so ó, wáyà remote tó yẹ kó lọ sára rédíò kí amp lè kú tí rédíò bá kú, orí iná bátìrì tí kì í kú ló so ó mọ́. Mo fi mítà wò ó, 1.4 ámpíà. Wákàtí 36 lọ́nà 1.4, ó lé ní ámpíà-wákàtí 50, bátìrì mi sì jẹ́ ámpíà-wákàtí 45. Kí ló fẹ́ kù?

Bí o ṣe máa wò ó tìẹ: yọ wáyà nẹ́gétíìfù kúrò lórí bátìrì, fi mítà sáàárín orí bátìrì àti wáyà yẹn, kó wà ní ibi ámpíà 10, ti ilẹ̀kùn, mú kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, kí o wá jókòó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ lọ sùn. Tó bá wálẹ̀ sí 0.05 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó dáa. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, máa yọ fíúsì ní ìkọ̀ọ̀kan, èyí tí o bá yọ tí nọ́ńbà jábọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni olè wà. Amp sábà máa ń ní fíúsì tiẹ̀ nítòsí bátìrì, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má dán an wò kí o sitáàtì nígbà tí mítà ṣì wà níbẹ̀ o, mítà ò ní yè é.

Ìgbà tí a yọ amp yẹn jáde la wá rí i pé àìsàn méjèèjì, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Wáyà tó ní ike yẹ́lò lábẹ́ síìtì, ti airbag ni, amp ti tì í, ẹnu ẹ̀ ti là díẹ̀. Bá a ṣe tẹ̀ ẹ́ padà, ó dún kọ̀, iná ti gba ibẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n má kàn kiwọ́ bọ̀ ọ́: yọ bátìrì kọ́kọ́, dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ta, má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ti tester tàbí mítà bọ wáyà yẹ́lò, iná díẹ̀ báyìí ti tó láti tú airbag sí i lójú. Iná lè má kú lójú ẹsẹ̀, o máa nílò ẹni tó ní scanner (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà mọ́tò) tó ń ka airbag, torí àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú yẹn, ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń kà.

Ti ọ̀sán gangan yẹn, yí kọ́kọ́rọ́ sí ON kí o tẹ́tí. Ó yẹ kí o gbọ́ pọ́ǹpù epo lẹ́yìn, á hùn fún bíi sẹ́kọ́ńdì méjì. Tó bá hùn láàárọ̀ tí kò wá hùn lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn ti jó mọ́tò, wo relay pọ́ǹpù (páálí kékeré tó ń tan iná sí pọ́ǹpù, tó sì ń pa á) kí o tó pààrọ̀ pọ́ǹpù. Tèmi, lẹ́ẹ̀dì (òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ra) inú relay ló ti sán látàrí ọjọ́ orí, ooru á là á, ìrọ̀lẹ́ á pa á dé. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Sábó ló bá mi jó lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, mẹkáníìkì ti ní kí n ra pọ́ǹpù.

Ó wá ku recall. Recall ni pé ẹni tó ṣe mọ́tò ti gbà pé àlébù wà nínú ẹ̀, ó ní kí wọ́n mú un wá kóun tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó kan mọ́tò tòkunbọ̀ wa jù ni ti airbag Takata, iléeṣẹ́ Japan kan tó fìgbà kan ṣe airbag fún ọ̀pọ̀ oní-mọ́tò. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ sókè, ammonium nitrate, ooru àti ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́ lọ́dọọdún, tí mọ́tò bá wá kọ lu nǹkan, agolo irin inú ẹ̀ lè bú kó ta irin wẹ́wẹ́ sí awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. 2008 ni Honda kọ́kọ́ pe mọ́tò padà lórí ẹ̀, ó ti wá tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 airbag ní Amẹ́ríkà nìkan, gbèsè ẹ̀ ló sì gbé Takata lulẹ̀ ní 2017. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé nínú àwọn Honda àti Acura 2001 sí 2003 kan, tí méjì bá tú, ọ̀kan lè bú. Ibi tí wọ́n sì kọ́kọ́ sáré sí ni Florida, Puerto Rico, Hawaii, torí ibẹ̀ gbóná, òjò ibẹ̀ pọ̀. Kí la máa wá pe Iléṣà?

Nọ́ńbà VIN ẹ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò) wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, kò ní I, O tàbí Q nínú. Tó bá jẹ́ mọ́tò tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls, á sọ èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì tún ṣe. Tèmi jáde, airbag awakọ̀. Ibi àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, wọ́n ní àwọn ò mọ tòkunbọ̀ rí. Ibì kejì l'Ékòó gba VIN mi, wọ́n ní kí n máa retí ìpè, mo retí fún oṣù mẹ́rin, mò ń pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń sin gbèsè, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan máa ní kí o lọ ra ti Ladipo, ọjà ara mọ́tò l'Ékòó. Ara mọ́tò àlòkù kan náà ni wọ́n ti yọ ọ́, Takata lo lè tún fi pààrọ̀ Takata. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ yọ tiẹ̀ dànù, ó fi sitiárín kékeré ti mọ́tò eré ìje sí i, airbag tó yọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti sọ, ó ti sú mi.

Láàárọ̀ ọ̀la, kó tó gbóná, yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, má sitáàtì, ka iye sẹ́kọ́ńdì tí iná airbag fi tàn, kí o tún gbọ́ bóyá pọ́ǹpù hùn, kí o wá sọ fún mi. Fi amp yẹn sílẹ̀ láìso títí dìgbà náà. Kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ VIN ẹ àti ọdún mọ́tò náà, ṣùgbọ́n má kọ gbogbo VIN síta o.