Ìtàn Orin Wa ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ orin tó ń lọ lóde lónìí dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàtá àti dùndún, gbogbo wọn a dákẹ́. Mo fẹ́ kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ti lè rí ìtàn orin Yorùbá. Àwọn kan ní kí n kó wọn lọ sí ilé Fẹlá ní Ìkẹjà, ọ̀gá wa sì ní owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù fún wíwo ìlù inú gíláàsì. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, olùkọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn, nítorí ìlù tó wà nínú gíláàsì kì í fọhùn, ẹni tí kò bá sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, igi àti awọ lásán ni yóò rí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé, kí ẹ tó náwó ọkọ̀ dé Èkó, Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ náà lọ, kí wọ́n gbọ́ ìlù lọ́wọ́ àwọn àyàn tí a bí sídìí rẹ̀.

Ààfin Aláàfin kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé ọba ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé tọrọ àyè kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n láti ayébáyé ni iṣẹ́ àwọn arókin, àwọn akùnyùngbà (àwọn obìnrin tó ń fi orin ki ọba), àwọn onílù àti àwọn tó ń fun kàkàkí ti jẹ́ iṣẹ́ ààfin náà. Àwọn arókin ló ń fi ẹnu pa ìtàn àwọn ọba mọ́ nígbà tí a kò tíì ní ìwé. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́, ń kó ìtàn Yorùbá jọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà lára ohun tó gbọ́kàn lé. Ìwé náà jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú.

Kí àwọn ọmọ sún mọ́ ìyáàlù dùndún dáadáa. Ọṣán awọ tó so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò: bí onílù bá fún un mọ́ra, awọ ojú ìlù a le, ohùn rẹ̀ a sì lọ sókè, bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlù náà ṣe ń tẹ̀lé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Kí wọ́n wo ṣaworo tó yí ojú rẹ̀ ká, kí wọ́n sì di kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ mú lọ́wọ́. Ojú kan ṣoṣo ni gúdúgúdú, ìlù kékeré tó ń bá dùndún rìn, ní, bílálà awọ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, kì í sì í sọ̀rọ̀, síbẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí eré tutù.

Bàtá yàtọ̀ pátápátá. A kì í fún un mọ́ra. Ojú òjò rẹ̀ tóbi, ọwọ́ sì ni a fi ń lù ú. Ojú ṣáṣá kéré, bílálà sì ni tirẹ̀. Ìlù Ṣàngó ni, àwọn eégún náà a máa jó o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣòro láti gbọ́ ju ti dùndún lọ. Ẹ ní kí alubàtá fi ìlù ki oríkì kan, ẹ má sì sọ ohun tó wí fún àwọn ọmọ; ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, kí onídùndún lu oríkì yẹn kan náà. Ìyàtọ̀ tí ẹ ń bi wọ́n ní kíláàsì, etí wọn ni yóò fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ àyàn nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ti yanjú kí àwọn ọmọ tó dé.

Nígbà náà ni ìrìn-àjò Ìkẹjà yóò tó wúlò. Ilé òpópónà Gbémisọ́lá ni Fẹlá gbé kẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ di Kalakuta Museum ní oṣù kẹwàá 2012, ibojì rẹ̀ sì wà níwájú ilé náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé ilé tí àwọn ṣọ́jà dáná sun ní oṣù kejì 1977 nìyẹn, nítorí ilé rẹ̀ tó wà ní àdúgbò Mọ́ṣáláṣí ní Èkó ni wọ́n sun. Wọ́n yóò rí yàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ dá lọ wò ó, olùkọ́ wa, torí wọn kò fi ìgbé ayé Fẹlá pamọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin ni àwọn òbí yóò sì bi léèrè.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ fún wọn ju bàtà àti aṣọ lọ ni ìdílé tí ọkùnrin náà ti wá. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ló kọ orin 43 sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún iléeṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, orin ìsìn tó fi ohùn orin ilẹ̀ wa gbé kalẹ̀. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù bá ìjọba wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ èyí kò ní rò pé ọjọ́ tí Fẹlá gbé fèrè sẹ́nu ni ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Oníkan ní Èkó láti 1957, John Randle Centre tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sí ọjọ́ mìíràn. Ọmọ tó ti rẹ̀ kì í wo nǹkan.

Ìbéèrè: Bàbá mi tó di olóògbé fi àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ nílé wa ní Ọ̀yọ́. Ṣé kí n kó o fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kó o fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó wúwo, tó sì ń fọ́ bí àwo tanganran bí ó bá bọ́, ti gírámafóònù àtijọ́ ni, tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú rẹ̀ kan kì í sábà gbà ju orin ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí orin àwọn àgbà bíi Túndé King, olórin jùjú, fi kúrú. Nígbà tí àwo fẹ̀ǹfẹ̀ tó ń rọra yí (LP) dé ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè na orin kan gba gbogbo ojú àwo. Ẹ má fi spírítì nu ti àtijọ́ yẹn, yóò bà á jẹ́; aṣọ tó mọ́ tó sì gbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ tò wọ́n lóòró, ẹ má kó wọn lé ara wọn, ẹ sì gbé wọn kúrò níbi tí ooru páànù ti ń mú.

Ẹ kọ orúkọ olórin, orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà tó wà láàárín àwo kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹ sì bi àwọn àgbà ilé léèrè àwọn tí wọ́n ń kì nínú orin náà. Bí ó bá jẹ́ ìjálá ni, irú èyí tí Ògúndáre Fọ́yánmu ọmọ Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ṣe, ẹ má fi iṣẹ́ yìí falẹ̀ rárá, nítorí oríkì pọ̀ nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn àgbà nìkan ló lè sọ ẹni tó ni ín. Kí ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó yẹ, kí ó gba ohùn gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lè lọ bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wù yín, tàbí ẹ̀ka ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1962. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí wọ́n kọ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí ohun tí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ọmọ ìdílé yín lè wá gbọ́ ọ nígbà tó bá fẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ wọn.