Ìbéèrè Yín Lórí Ohùn Ọkọ̀: Ampilifáyà, Krọ́sófà àti Twítà Tó Ń Jóná

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla ọdún 2006 ni mò ń wà. Mo ti ra spíkà ilẹ̀kùn mẹ́rin, wáàtì 60 RMS (agbára tó lè gbé láìdáwọ́dúró), ọ́ọ̀mù 4 (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná) lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún ra súbúwúfà (spíkà báàsì) ínṣì 12 kan, wáàtì 300 RMS, ó ní kọ́ìlì méjì, ọ́ọ̀mù 4-4. Ní Alábà, wọ́n fi ampilifáyà (ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn) oníṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, ìyẹn ojú ìjáde ohùn mẹ́rin, kan hàn mí tí wọ́n kọ wáàtì 3000 sí lára. Réwáyà mi ní òun nìkan á gbé gbogbo ẹ̀. Ṣé kí n rà á?
*Òǹkàwé kan, Òṣogbo*

Ẹ má rà á títí ẹ ó fi wo fíùsì ara rẹ̀. Wáàtì 3000 yẹn, ẹnu dùn-ún-ròfọ́ ni. Ká ní fíùsì áńpù 25 méjì ló wà níbẹ̀, áńpù 50 nìyẹn. Ẹ fi 13.8 sọ ọ́ di púpọ̀, torí iye fóòtì tí ọkọ̀ máa ń ní nìyẹn bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Wáàtì 690 ló jáde, òun náà sì ni gbogbo iná tó lè wọlé kí fíùsì tó já. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń di ohùn, ooru ni ìyókù ń dà. Irú ampilifáyà tí wọ́n ń pè ní Class D máa ń sọ nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún di ohùn, ẹ pè é ní wáàtì 550. Ti irú kejì, Class AB, ò ju bí ìdá 60 lọ, kò tó 420. Níbo wá ni 3000 ti wá? Ẹni tó ń tajà gan-an lè má mọ̀, ohun tó wà lára páálí ló ń kà.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RMS sí nínú ìwé ìlò rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé iye ọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. RMS tí kò ní ọ́ọ̀mù dà bí iye owó tí wọn ò sọ bóyá náírà ni tàbí dọ́là.

Ọ́ọ̀mù yìí ni àbá réwáyà yín ti fẹ́ kọsẹ̀. Kọ́ìlì ọ́ọ̀mù 4 méjì tó wà nínú súbúwúfà yín, bí ẹ bá so pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, négétíìfù mọ́ négétíìfù, ọ́ọ̀mù 2 ló máa dà. Bí ẹ bá fi négétíìfù ọ̀kan gba pósítíìfù èkejì, ó di 8. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá tí á fi di 4. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú ampilifáyà oníṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, tí a bá bírííjì ṣánẹ́ẹ̀lì méjì rẹ̀ (tí a so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan), kò gbọdọ̀ gbé ohun tó kéré sí ọ́ọ̀mù 4. Ẹ so 2 mọ́ ọn, iná PROTECT á tàn, ohùn á dákẹ́. Èyí tí ààbò rẹ̀ ò dáa, jíjó ló máa jó. Ẹ so 8 mọ́ ọn, kò ní jó, àmọ́ ampilifáyà tó ń fún spíkà ọ́ọ̀mù 4 ní wáàtì 60 ò ní fún súbúwúfà yẹn ju nǹkan bíi 120 lọ. Ṣánẹ́ẹ̀lì méjì péré ló sì tún kù fún spíkà ilẹ̀kùn mẹ́rin. Súbúwúfà wáàtì 300 á kàn jókòó sí búùtù bí àlejò tí wọn ò fún lóúnjẹ.

Nítorí náà, méjì ni kí ẹ rà: oníṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó ń mú wáàtì 50 sí 75 RMS wá ní ọ́ọ̀mù 4 fún ilẹ̀kùn, àti monoblock (oníṣánẹ́ẹ̀lì kan) Class D tó ń mú 300 RMS wá ní ọ́ọ̀mù 2. Ẹ kíyè sí ọ́ọ̀mù 2 yẹn. Monoblock tí wọ́n kọ 300 sí ní ọ́ọ̀mù 4 lè fi agbára tó pọ̀ jù lu súbúwúfà yín ní 2, ó sì lè má fara da 2 rárá. Oníṣánẹ́ẹ̀lì márùn-ún náà wà tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì nínú àpótí kan, ó dáa fún ọkọ̀ kékeré. Bí owó ò bá tíì tó, monoblock ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí rédíò ṣì máa gbé ilẹ̀kùn.

Wáyà bátìrì ńkọ́? Wáàtì 540 RMS lápapọ̀ á máa fa bí áńpù 50 tí ẹ bá yí i sókè, wáyà 4 gauge (nọ́ńbà gauge tó bá kéré ló nípọn jù) tó jẹ́ ojúlówó kọ́pà á gbé e, pẹ̀lú fíùsì áńpù 60 tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 45 sí bátìrì. Wáyà ni fíùsì yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ampilifáyà. Bí irin ara ọkọ̀ bá ha wáyà láàárín bátìrì àti fíùsì, kò sí ohun tó máa dá iná yẹn dúró. Ẹ fi abẹ ha ọ̀kan nínú okùn wáyà náà kí ẹ tó sanwó: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n 2 gauge ni kí ẹ rà nínú irú ìyẹn.

Rédíò mi ní HPF (èyí tó ń dí báàsì lọ́nà), ampilifáyà náà ní HPF. Èwo ni kí n tàn, iye wo ni kí n sì gbé e sí? Súbúwúfà mi ń gbó bí ajá, kì í dún bíi báàsì.
*Awakọ̀, Ìkòròdú*

Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ tàn. Tí méjèèjì bá wà ní 80 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ohùn tó yẹ kó dín ní dB 3 (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) níbẹ̀ á dín ní 6, ihò á sì wà láàárín ilẹ̀kùn àti báàsì. Ti rédíò la fẹ́ràn jù, torí ó ń fi iye Hz hàn yín lójú. Bọ́tìnì ampilifáyà sábà máa ń kọ 40 sí ìpẹ̀kun kan, 400 sí èkejì, àárín ẹ̀ di àfọwọ́méfò. Bí ẹ bá ti lo ti rédíò, ẹ gbé ti ampilifáyà sí OFF tàbí FULL.

Spíkà ínṣì 6.5, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80 Hz. Ti ínṣì 4, 120. Ti 6×9, 60 náà á ṣe é. Ìdí ni pé bí Hz bá di ìdajì, awọ spíkà ní láti rìn ní ìlọ́po mẹ́rin kó tó lè dún tó ti tẹ́lẹ̀. Spíkà kékeré ò lè rìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń gbá ara rẹ̀.

Gbígbó tí súbúwúfà ń gbó, LPF rẹ̀ (èyí tó ń dí ohùn òkè lọ́nà) ló ga jù. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń kọrin láti búùtù, ó ti kọjá 100 nìyẹn. Ẹ fà á wá sí 80, kí ẹ gbé BASS BOOST sí 0, torí dB 6 péré níbẹ̀ ń béèrè agbára ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sí ibi awakọ̀ kí ẹnì kan máa yí PHASE (ìhà tí awọ súbúwúfà kọ́kọ́ ń rìn sí) láti 0 sí 180. Èyí tí báàsì bá ti kún jù ni kí ẹ fi í sí.

GAIN, bọ́tìnì tó ń mú ampilifáyà bá agbára rédíò mu, kì í ṣe fólúùmù o. Ẹ tú wáyà spíkà kúrò lára ampilifáyà, ẹ gbé rédíò sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fólúùmù rẹ̀, kí ẹ fi ohùn ìdánwò 50 Hz, 0 dB, sínú fláàṣì fún súbúwúfà, 1000 Hz fún ilẹ̀kùn. Ẹ gbé mítà sí fóòtì AC, kí ẹ yí GAIN díẹ̀díẹ̀. Wáàtì 300 ní ọ́ọ̀mù 2, ẹ dúró ní fóòtì 24.5. Wáàtì 60 ní ọ́ọ̀mù 4, 15.5. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi ọ́ọ̀mù sọ wáàtì di púpọ̀, kí ẹ tẹ àmì √ lórí fóònù.

Twítà (spíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè) kẹta tí mo máa pààrọ̀ nìyí láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi.
*Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìyá wa, ó lè jẹ́ ayédèrú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo wáyà rẹ̀. Twítà tuntun sábà máa ń ní kapásítọ̀ kékeré kan lára wáyà rẹ̀. Òun ni krọ́sófà rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí báàsì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń gé e dànù nítorí kí wáyà lè mọ́ ní rírí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ sọ Hz àti ọ́ọ̀mù di púpọ̀, kí ẹ fi pín 159,155. Fún 5000 Hz ní ọ́ọ̀mù 4, ó jẹ́ 7.96, 8.2 µF (µF ni ìwọ̀n kapásítọ̀) ni ẹ ó rí rà. Bí twítà náà bá kéré gan-an, 4.7 µF ni kí ẹ fi sí i, ìyẹn á gé e ní bíi 8500 Hz. Èyí tí kò ní àmì négétíìfù lára ni kí ẹ rà. Wọn ò gbọdọ̀ yọ ti inú rédíò àtijọ́ wá.

Bí kapásítọ̀ bá wà níbẹ̀ tí twítà ṣì ń jó, a jẹ́ pé GAIN ti ga jù. Ohùn tó ti fọ́ máa ń bí ohùn òkè rẹpẹtẹ tí kò sí nínú orin, ọ̀dọ̀ twítà sì ni gbogbo rẹ̀ ń forí lé. Ẹ wo ìdáhùn tó ṣáájú èyí.

Ìró kan ń hu “wíìì” nínú spíkà mi, bí mo bá ṣe ń tẹ ná sí i ló ń ga sí i.
*Akúrẹ́*

Ẹ yọ wáyà RCA (èyí tó ń gbé ohùn wá láti rédíò) kúrò lẹ́nu ampilifáyà kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí ìró náà bá dákẹ́, láti iwájú ló ti ń wá: ẹ wo áàtì rédíò (wáyà tí wọ́n so mọ́ irin ara ọkọ̀), kí ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ fún RCA, ẹ̀gbẹ́ kejì fún wáyà bátìrì. Bí kò bá dákẹ́, áàtì ampilifáyà ni. Ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi tàn, kí ẹ lo wáyà tó nípọn tó ti bátìrì, kó má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Bóòtù bẹ́líìtì ìjókòó kọ́ ni ibi tí wọ́n ń so ó mọ́: ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì tú u tí kò dè é padà dáadáa, ìjàǹbá ló máa sọ fún yín.