Ṣé "lé jáde" ni "crowd out"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé-iṣẹ́ rédíò ni mo ti ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá gbólóhùn yìí pàdé: "Government borrowing is crowding out small businesses." Mo kọ ọ́ pé, "Ìjọba ń lé àwọn oníṣòwò kéékèèké jáde." Ọ̀gá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì ṣàlàyé. Kí ni ǹ bá kọ?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ. "Lé jáde" ń sọ fún olùgbọ́ pé ẹnì kan dìde, ó lé ẹnìkejì kúrò níbi tó wà. "Drive out" nìyẹn. Nígbà tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi katakata wó Màrókò ní oṣù keje ọdún 1990, ńṣe ni wọ́n lé àwọn ará ibẹ̀ jáde.

"Crowd out" kò ní lílé nínú. Ọ̀rọ̀ àyè ni. Ẹ wo ewé Akíntọ́lá lóko. Kò fa ẹ̀gẹ́ tu. Ó kàn ń hù, ó ń tàn, ó bo ilẹ̀, ó ṣíji bo ẹ̀gẹ́ títí ìyẹn ò fi rí oòrùn mọ́. Ó gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó. Ìjọba fẹ́ yá owó púpọ̀, ó ń san èlé tó jọjú, ọkàn báǹkì sì balẹ̀ pé owó náà yóò padà wá. Ta ni yóò wá rántí ìyá aláṣọ ní Gbági? Èyí tó kù sílẹ̀ fún un kéré, èlé rẹ̀ sì ga. Ẹnikẹ́ni ò lé e ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ìbá kọ ọ́ báyìí: "Owó tí ìjọba ń yá ní báǹkì ń gba àyè mọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́." Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi "ní báǹkì" sí i, kí olùgbọ́ lè mọ àyè tí à ń wí.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó nínú Gẹ̀ẹ́sì, "crowd out traders" dára, "crowd traders out" náà dára. Ṣùgbọ́n "them" gbọ́dọ̀ wà láàárín: "crowd them out". "Crowd out them" kò sí. Etí Yorùbá yín yóò ràn yín lọ́wọ́: "lé wọn jáde" là ń wí, a kì í wí pé "lé jáde wọn".

Bí ẹ bá sì rí "crowded out of the market", ẹ má sáré kọ "ọjà" lásán. Olùgbọ́ yóò rò pé wọ́n ti wó ìsọ̀ ẹnì kan.